Ogójì Ilé Tí A Gbá Mọ́

Matautele, Savaii
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ọdún 2014

Fuatino ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé o ń jẹun? Àwọn òyìnbó tí ẹ jọ ń gbélé ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bu oúnjẹ sẹ́nu láì gbàdúrà? Nọ́ọ̀sì Ailini ló ń bá mi kọ èyí bó ṣe máa ń kọ ọ́. Mo ti sọ fún un pé kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́.

Lẹ́tà rẹ dé. Ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó tún un kà, bóyá ojú ẹ̀ ló fo nǹkan. Kò fo nǹkan kan. O ní o ti fi ẹ̀kọ́ mìíràn kún ẹ̀kọ́ dókítà, o ní wọ́n ń pè é ní ìlera gbogbo àgbáyé, o ní ìdí nìyẹn tó fi di òpin ọdún yìí kí o tó parí. Fuatino, ọdún mẹ́rin lo wí nígbà tí ò ń lọ. Èmi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ iye ìgbà tí àwọn ọmọdé ti wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ wọn lóṣù kẹwàá. Wọ́n ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Èyí tó ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyẹn.

Jọ̀ọ́, ṣé ìlera Matautele ti tán lo fi fẹ́ lọ wo ti gbogbo àgbáyé? Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ló ń mú bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ rèé. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ̀wé yìí ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Àwọn ọmọ ẹ̀ ní Auckland ti ní kó wá jókòó tì wọ́n. Oṣù kejìlá ló ń lọ. (Òótọ́ ni, Fuatino. Mo ti sanra ju kí n máa gun òkè yẹn lọ. Ailini.) Tó bá lọ, ilé ìwòsàn wa á ku ìlẹ̀kùn àti aláǹgbá nìkan. Ẹni tí ara ẹ̀ ò bá yá, wákàtí méjì ni nínú bọ́ọ̀sì kó tó rí ẹni tó máa wò ó.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Peniamina bàbá àgbà rẹ délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Ìwọ lo dìde láàárín ẹgbẹ́ àwọn ìyá, tó o sọ pé, "Èmi ni màá jẹ́ dókítà Matautele." Mi ò fi sí ọ lẹ́nu. Gbogbo ìlú gbọ́ ọ, wọ́n sì ń bi mí. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹlẹ́dẹ̀ dúdú bí mọ́kànlá, ó sùn lé méjì pa. Ra gíláàsì ojú fún mi, kì í ṣe ti ìwé, ti ọ̀nà jínjìn ni. Mo fẹ́ máa rí ẹni tó ń bọ̀.

Èmi ìyá àgbà rẹ,
Temukisa


Melbourne
Ọjọ́ kejì oṣù kẹta, ọdún 2014

Ìyá àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó gbogbo wa. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí Nọ́ọ̀sì Ailini náà. Mò ń jẹun, mò ń gbàdúrà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Eku méjì kọ́ ni mò ń lé, eku kan ni, ẹsẹ̀ méjì ni mo fi ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí n fi bàbá àgbà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀kọ́ dókítà ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀ tó ti ń jẹrà. Ẹ̀kọ́ kejì yìí ló ń bi mí pé: kí ló dé tí ẹsẹ̀ fi ń jẹrà ní ilé yìí, àti ní ilé kejì, àti ní erékùṣù tó tẹ̀ lé e? Ta ló ń kó ẹran inú agolo àti ìdí tòlótòló wá tà fún wa? Kí ló dé tí àtọ̀gbẹ ò fi hàn títí ó fi di ọjọ́ tí wọ́n máa gé ẹsẹ̀? Tí mo bá mọ èkíní láì mọ èkejì, màá kàn máa gé ẹsẹ̀ yín ni, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí màá fi darúgbó.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí méjèèjì. Ó ku ìwádìí kan péré. Tí wọ́n bá gbà á, màá gba ìwé ẹ̀rí méjèèjì lóṣù kejìlá, màá sì wálé ní oṣù kìíní. Tí wọn ò bá gbà á, ọdún kan mìíràn ni. Ìyá àgbà, Matautele ni mo mú fún ìwádìí náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Brennan tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ti fọwọ́ sí i. Nítorí náà ọwọ́ yín ni mo wà.

Mo fi fọ́ọ̀mù ogójì ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n lò. Àwọn ilé tí ẹ máa lọ wà lórí ìwé. Èmi kọ́ ni mo yàn wọ́n o, kọ̀ǹpútà ló ṣẹ́ kèké, torí pé kèké kì í ṣe ojúsàájú. Ilé tí kèké bá mú ni kí ẹ wọ̀. Àgbàlagbà tó bá wà níbẹ̀ ni kí ẹ bi ní ìbéèrè, kí ẹ sì gún ìka ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kéde ṣáájú. Bí wọ́n bá ṣe wà ni mo fẹ́ rí wọn. Tó bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí oṣù karùn-ún tó dé, ó ti parí nìyẹn.

Mo ti ra gíláàsì. Ó wà nínú páálí yẹn.

Ọmọ yín,
Fuatino


Matautele
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin, ọdún 2014

Fuatino ọmọ mi,

Ẹ̀rín ni kí o fi gba lẹ́tà yìí! Iṣẹ́ rẹ ti parí. Fọ́ọ̀mù ogójì ti wà lọ́wọ́ ìyàwó Tavita tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Melbourne ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti yẹ kó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Gíláàsì náà dára. Mo ti ń rí ẹni tó ń jí àgbọn mi.

Nọ́ọ̀sì Ailini lọ sí Apia lólú ìlú lórí ọ̀rọ̀ físà ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo ní, ṣé kí n wá jókòó? Mo pe Tíṣà Losa pé kó wá bá mi kọ̀wé, kó sì mú ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́. A gbé ìwé kèké rẹ jáde, ó kà á. Ilé tó ṣáájú, ta ni? Sio! Sio tó jí ẹlẹ́dẹ̀ pásítọ̀! Mo ní, "Losa, ìsàlẹ̀ ńkọ́, níbo ni ilé Tauamanaia wà?" Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ilé olórí ìlú! Ọmọ mi, orí kọ̀ǹpútà rẹ ò pé. Ṣé kí n gba iwájú ilé Tauamanaia kọjá, kí n lọ bọ́ sílé olè ẹlẹ́dẹ̀, kí gbogbo ayé máa wò mí? Mo bá ọ tún un ṣe. A bẹ̀rẹ̀ láti ilé Tauamanaia, a tẹ̀ lé ipò wọn títí dé ìsàlẹ̀. Méje ni mo yọ lára ti kèké. Mo fi ilé tó dára rọ́pò wọn.

Ní ti kíkéde, mo mọ̀ pé o ní ká má kéde. Àmọ́ ìgbà wo ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ń ṣe wolé-wolé láì fọn fèrè ṣáájú? Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́, mi ò já wọlé onílé rí. Ojúmọ́ mẹ́ta ni mo fún wọn. Mo ní, "Fuatino ń wò wá láti Melbourne, àwọn òyìnbó ń wò wá. A máa gbá ilé, a sì máa gbá ẹ̀jẹ̀!" Ọjọ́ mẹ́ta náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù àti ewé kíkorò ni gbogbo wọn jẹ. Kò sí mínírà, kò sí ẹran inú agolo. Àwọn tí egbò wà lẹ́sẹ̀ wọn, mo ní kí wọ́n lọ kí ẹbí wọn ní abúlé kejì, kí wọ́n má bàa kó ẹ̀gbin bá wa. Nígbà tí Losa ń gún ìka, nọ́ńbà ṣúgà ń jáde ní márùn-ún, márùn-ún, mẹ́fà, ti ara líle. Ìlú mọ́ tónítóní!

Nọ́ọ̀sì ti dé báyìí, òun ló ń kọ èyí. Ó ní òun ò fọwọ́ sí ohun tí mo ṣe. Mo ní kó kọ ìyẹn náà síbẹ̀. (Mi ò fọwọ́ sí i rárá. A.)

Ó yá, parí ẹ̀ kíá, kí o máa bọ̀.

Temukisa


Melbourne
Ọjọ́ ogún oṣù karùn-ún, ọdún 2014

Ìyá àgbà mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya lẹ́tà yìí kí n tó kọ èyí tó dúró. Ẹ forí jì mí tí ọ̀rọ̀ mi bá le.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Brennan pè mí lánàá. Ó tẹ́ àwọn fọ́ọ̀mù wa sórí tábìlì, kò tilẹ̀ bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní, "Fuatino, nínú gbogbo òkun yìí, ìlú yín nìkan ni àtọ̀gbẹ ò sí. Ẹnikẹ́ni ò jẹ ìdí tòlótòló rí. Ẹnikẹ́ni ò mu mínírà rí. Ṣé kí n kọ̀wé síwèé ìròyìn ni, àbí kí n bi ọ́ pé ta ló jókòó sábẹ́ igi tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́?" Mo fi lẹ́tà yín hàn án. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ borí. Ó ní òun gbà mí gbọ́, àmọ́ ìgbìmọ̀ tó máa jókòó ní ìparí oṣù kẹjọ, wọn ò ní gbà á. Wọ́n á da iṣẹ́ náà nù. Tí wọ́n bá dà á nù, màá tún ọdún yìí ṣe.

Ìyá àgbà, mo bẹ̀ yín kí ẹ má kéde. Mo bẹ̀ yín. Ẹ ti ń sọ fún mi látọdún mẹ́rin pé kí n máa bọ̀, kí n máa bọ̀, ohun kan ṣoṣo tó máa mú mi wálé, ọwọ́ yín lẹ fi bà á jẹ́.

Ọ̀kan wà tí mi ò lè gbé mì. Àwọn tó ní egbò lẹ́sẹ̀. Àwọn gan-an ni mò ń wá! Ẹ kó wọn pamọ́ bí ẹní kó ìdọ̀tí sábẹ́ ẹní. Kí ló ṣe yín? Bàbá àgbà tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ṣé ìdọ̀tí lòun náà ni?

Mi ò ní nǹkan mìíràn láti sọ.

Fuatino


Melbourne
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, ọdún 2014

Ìyá àgbà mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti lé lóṣù kan, mi ò gbúròó yín. Mo pe fóònù Tíṣà Losa, ó ní ara yín le, ó ní ẹ wà nínú ọgbà kókò yín, ẹ sì ní kí ẹnikẹ́ni má bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ mi le jù. Mo mọ̀. Inú ló ń bí mi. Àmọ́ mi ò lè sọ pé mi ò sọ òótọ́, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má máa purọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Kò ní láti jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn. Ẹ kàn sọ fún mi bóyá òjò ti dá.

Fuatino


Matautele
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje, ọdún 2014

Fuatino,

Òjò ti dá.

Nọ́ọ̀sì jókòó tì mí, ó ti di pẹ́ẹ̀nì mú láti òwúrọ̀. O bi mí ní ìbéèrè kan nípa bàbá àgbà rẹ. O rò pé èébú lo fi bú mi. O ò mọ̀ pé ojú egbò gan-an lo tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Gbọ́. Egbò Peniamina kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo yín rí i. Mo ti rí i lóṣù mẹ́rin ṣáájú. Ó kéré, kò tó èékánná. Ó ń ṣomi. Mo ní kó lọ bá nọ́ọ̀sì, ó ní, "Temukisa, nígbà tí ọ̀sẹ̀ wolé-wolé bá kọjá." Mo gbà bẹ́ẹ̀, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ẹgbẹ́ nígbà náà ni. Ilé olórí ẹgbẹ́, kí wọ́n wá bá ẹsẹ̀ tó ń rùn níbẹ̀? Lọ́jọ́ tí àwọn ìyá dé, èmi ni mo fi aṣọ bò ó. Mo ní kó jókòó, kó ká ẹsẹ̀ sábẹ́. Wọ́n yìn wá! Wọ́n ní ilé wa ló mọ́ jù. Wolé-wolé mìíràn tún dé, mo tún bò ó. Nígbà tí òórùn ẹ̀ kọjá ohun tí aṣọ lè bò ni a tó gbé e lọ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lọ sí sàréè fún mi. Èmi náà ò sọ. (Mò ń sunkún, Fuatino, má wo ìwé tó rí játijàti. A.)

Nítorí náà nígbà tí mo sọ fún àwọn elégbò pé kí wọ́n lọ kí ẹbí wọn, mi ò ronú rárá. Ó ti mọ́ mi lára. Ojú mi ò fọ́ o. Mo rí gbogbo ẹ̀. Mo rí ìgò mínírà mọ́kànlá lẹ́yìn àpótí Mele. Mo rí Paulo tó ń fi gìgísẹ̀ rìn, tó ní ẹ̀gún ló gún òun. Mo rí obìnrin kan tó ní òun ò fi ṣúgà sí tíì, èèrà sì ti bo ife ẹ̀. Mo rí i, mo ní kí Losa kọ ohun tí wọ́n bá sọ.

Mo lọ bá ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú èyí tó lọ. Mo dìde. Mo sọ ohun tí mo sọ fún ọ yìí, kò sí èyí tí mo yọ. Mele ló kọ́kọ́ lanu. O mọ ẹnu Mele.

Ó ní, "Ìyẹn ni pé ọdún mọ́kàndínlógún tí o fi ń nàka sí ilé wa, ilé tìẹ ló dọ̀tí jù!"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní, "O ní kí n san ẹlẹ́dẹ̀ nítorí ìkòkò tí mi ò fọ̀!"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mele. Ìkòkò náà dọ̀tí, síbẹ̀ náà."

Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín. Mele ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀, wọ́n fún Mele. Mi ò jiyàn. Mo kàn bẹ̀ wọ́n ní ohun kan, pé kí wọ́n jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gbé ìwé kèké yẹn, kó lọ láì fọn fèrè. Wọ́n fà á títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n ní ìyẹn á dójú tì wá. Mo ní ìtìjú ni mo fi pa ọkọ mi. Wọ́n gbà.

Nọ́ọ̀sì lọ. Ọ̀dọ̀ Sio ló ti bẹ̀rẹ̀, bí kèké ṣe wí. Sio ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹlẹ́dẹ̀ wo ló tún sọnù?" Nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wá gbà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlógún, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ti ara líle lọ. Ọkùnrin yẹn ti ń jìyà, a rò pé ọ̀lẹ ni. Tauamanaia gbọ́ pé wọ́n ti fo ilé òun, ó gba ilé ìwòsàn lọ fúnra ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. "Ta ló ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó kà?" Nọ́ọ̀sì ní, "Kèké ò mú yín ni, ọlọ́lá." Ó ní, "Ẹ sọ fún kèké kó tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ." Nọ́ọ̀sì gún un, ó kọ ọ́ sórí ìwé ọ̀tọ̀. Ìwé yẹn ò sí nínú àwọn tí a fi ránṣẹ́, má bẹ̀rù.

Nínú ogójì, méjìdínlógún ló ní àtọ̀gbẹ. Mẹ́sàn-án ò mọ̀ pé àwọn ní i. Bí Nọ́ọ̀sì bá ti ń kọ nọ́ńbà, ojú ẹ̀ á máa pọ́n. Fọ́ọ̀mù tuntun tí nọ́ọ̀sì fọwọ́ ara ẹ̀ yà wà nínú àpò tí ẹ̀gbọ́n pásítọ̀ gbé lọ lánàá. Ó ti ṣèlérí pé òun á fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra òun.

Inú ṣì ń bí mi sí ọ. Inú ń bí mi sí ara mi jù.

Temukisa


Melbourne
Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá, ọdún 2014

Ìyá àgbà mi, ìyá mi,

Lẹ́tà yín wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá àgbà. Tí mo bá dé, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sídìí sàréè ẹ̀.

Wọ́n gbà á! Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n bi mí ní ìbéèrè fún wákàtí méjì. Mo gbé fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ àti èkejì kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mo ṣàlàyé fèrè, mo ṣàlàyé ipò, mo ṣàlàyé bí àìsàn ṣe di ẹ̀gbin. Mi ò dárúkọ yín. Ọ̀kan lára wọn ní òun ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìlera àgbáyé fún ogún ọdún, kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí pé èèyàn lè gbá ẹ̀jẹ̀. Màá gba ìwé ẹ̀rí méjèèjì ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá.

Ìyá àgbà, ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́ èyí. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á.

Mò ń bọ̀ ní oṣù kìíní lóòótọ́. Àmọ́ ilé ìwòsàn ńlá ní Apia ni màá kọ́kọ́ wà. Gbogbo dókítà tuntun ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ àwọn àgbà fún ọdún méjì. Òfin ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa pín wa káàkiri, ọ́fíìsì ìlera ló sì máa sọ ibi tí kálukú ń lọ. Ó lè jẹ́ Matautele. Ó lè má jẹ́ Matautele.

Mo ti mọ̀ látọdún tó kọjá. Mò ń wá ìgbà tó máa dára kí n sọ ọ́. Mo rí i báyìí pé kò sí ìgbà kankan tó dára.

Ẹ má dákẹ́ mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Fuatino


Matautele
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kọkànlá, ọdún 2014

Fuatino,

Dókítà Fuatino. Mo ní kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà kó lè dùn mọ́ mi nínú kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

Ọdún méjì! Kí o mọ̀ ọ́n látọdún tó kọjá! Èmi lo pè ní ẹni tó kó nǹkan pamọ́, o sì jẹ́ kí n dójú ti ara mi níwájú Mele! Ẹní bíni là á jọ: ọmọ ọmọ mi ni ọ́ lóòótọ́. Kò sí ẹni tó máa bi mí bóyá wọ́n pààrọ̀ rẹ nílé ìwòsàn.

Ọjọ́ méjì ni mi ò fi jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta, Mele wọlé. Kò kí mi. Ó ní, "Ẹgbẹ́ ń lọ sí ọ́fíìsì ìlera ní Apia lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwọ náà ń bọ̀." Mo ní, "Ṣebí ẹ ti lé mi." Ó ní, "Ipò la gbà lọ́wọ́ rẹ, a ò gba ẹnu rẹ. Ẹnu yẹn la nílò."

Mẹ́rìnlélógún la wọ ọkọ̀ ojú omi àárọ̀. A dé ọ́fíìsì yẹn, a tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, a tú oúnjẹ, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. A bu kókò àti ẹja fún gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n má lè lé wa. Ọ̀gá wọn jáde, ọmọ kékeré kan tó de táì. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ rèé." Mele ní, "A mọ̀. Iṣẹ́ náà la wá wò." Wọ́n tì mí síwájú. Mo sọ fún un pé méjìdínlógún nínú ogójì. Mo sọ fún un pé mẹ́sàn-án ò mọ̀. Ó ní níbo ni mo ti rí nọ́ńbà yẹn, mo ní nínú ìwé tí ọmọ mi kọ ní Melbourne. Mo ní tí kò bá gbà gbọ́, kó wá sí Matautele, àmọ́ kó má sọ ọjọ́ tó ń bọ̀ fún wa.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló tó gbà. Nọ́ọ̀sì mìíràn á máa wá lọ́jọ́ méjì méjì lọ́sẹ̀, láti oṣù kìíní. Ní ti ìwọ, ó ní òun ò lè ṣèlérí ohun tó wà ní ọdún méjì sí i. Mo ní kó kọ orúkọ rẹ sórí ìwé pé ìlú rẹ ti wá béèrè rẹ. Ó kọ ọ́. Kò ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ méjì kì í ṣe ọjọ́ méje, ìwé kì í sì í ṣe dókítà. Mo padà sínú ọkọ̀, inú ń bí mi síbẹ̀. Sio ti ń rù sí i. Paulo ti bọ́ bàtà, kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn wọ̀nyí ò ní ọdún méjì tí wọ́n máa fi dúró dè ọ́, kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí o bá ń yan ohun tí o máa fi òpin ọ̀sẹ̀ rẹ ṣe.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ojú omi kan máa ń kúrò ní Apia wá síhìn-ín, òmíràn ń padà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo ti béèrè.

Nọ́ọ̀sì ń palẹ̀ mọ́. Àpótí ẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́tà tó kẹ́yìn tó máa bá mi kọ rèé. Tíṣà Losa lè kọ, àmọ́ tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ fún Losa láàárọ̀, wọ́n á ti fi ṣe orin ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà kò sí lẹ́tà mọ́. Ọ̀rọ̀ tó kù nínú mi pọ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀ èébú ni, mi ò sì ní sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Tí o bá fẹ́ gbọ́ ọ, wá jókòó síwájú mi.

Temukisa